Fíláàṣì Àtijọ́ àti Wíwá Ẹ̀yà Ara Rẹ̀

Nínú gbogbo ohun èlò tí onífọ́tò ń gbé káàkiri, fíláàṣì ni àwọn òpìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Wọn a máa kọ ìwé jàǹkànjàǹkàn lórí kámẹ́rà, wọn a sì máa jiyàn lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ mú àwòrán sórí gíláàsì; ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan fíláàṣì, wọn yóò dárúkọ ẹni kan tàbí méjì, wọn yóò sì gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tí òjò ń lé. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà sọ ìtàn náà, tí yóò fi bí àwọn ènìyàn ṣe bá ohun èlò yìí gbé hàn wá. Kí a bèèrè pé nígbà tí fíláàṣì bá kọṣẹ́, kí ni ẹni tí ó ni ín ń wá kiri, ọwọ́ ta ni ó ti ń rí i, kí sì ni ó ń ṣe bí kò bá rí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọwọ́ ara mi tún fíláàṣì àtijọ́ ṣe. Ohun tí ojú mi rí ni pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde kọ́ ni ó sábà máa ń kú. Ohun kékeré kan ni: ike tí ó di bátìrì mú, wáyà tí kò gùn tó apá, ẹsẹ̀ tí a fi ń kì í bọ orí kámẹ́rà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Ike tí owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán kan ni ó máa ń sọ ẹ̀rọ olówó ńlá di pàǹtírí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí orúkọ. Àwọn ará Jámánì, tí wọ́n ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ń pe fíláàṣì ní Blitz. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè wọn ni mànàmáná, èyí tí í máa kọ yẹ̀rì lójú sánmà bí òjò bá ṣú. Àwa náà, nígbà tí iná òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wa, iná mànàmáná ni a pè é. A kò yá a lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì yá a lọ́wọ́ wa. Ère tí Ben Enwonwu ṣe ní ọdún 1964 fún ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń pín iná nígbà náà, tí wọ́n gbé síwájú ọ́fíìsì wọn ní Marina ní Èkó, ère Ṣàngó ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ tú inú fíláàṣì yóò ṣe dáadáa bí kò bá gbàgbé ère yẹn, nítorí ìdí tí n óò sọ níwájú.

Fíláàṣì àkọ́kọ́ kò ní ẹ̀yà ara tí ó lè sọnù. Ní ọdún 1887, àwọn ará Jámánì méjì, Adolf Miethe àti Johannes Gaedicke, po ẹ̀tù magnesium mọ́ àwọn oògùn mìíràn tí ó ń mú kí ó gbaná wàrà. Bí a bá ti iná bọ̀ ọ́, ìmọ́lẹ̀ ńlá yóò kọ, èéfín yóò sì gba gbogbo yàrá. Jacob Riis, akọ̀ròyìn kan ní New York, gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì fi ya àwòrán àwọn tálákà tí ń gbé inú àwọn ilé ṣíṣókùnkùn ìlú náà. Àwọn àwòrán wọ̀nyí ni ó gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀ lé, èyí tí ó jáde ní 1890. Páànù tí a fi ń dín ẹyin ni ó ń da ẹ̀tù náà sí. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun fi ti iná bọ ilé, òun sì fi jó ara òun pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ní páànù àti ìṣáná ti ní gbogbo ohun tí ó nílò. Kò sí ohun tí ó lè bàjẹ́ níbẹ̀ àfi onífọ́tò.

Ní 1929 ni gílóòbù fíláàṣì dé ní Jámánì, Vacublitz ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ká aluminium fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú gíláàsì tí afẹ́fẹ́ oxygen kún inú rẹ̀. Iná bátìrì díẹ̀ ti tó láti tàn án. Ilé kò jó mọ́, èéfín kò sí, ṣùgbọ́n ẹyọ gílóòbù kan, àwòrán kan ni. Bí ó bá ti tàn, ó di sísọnù. Ní 1965, Kodak kó mẹ́rin pọ̀ sínú ike onígun mẹ́rin kan tí ó ń yí lórí kámẹ́rà, inú àwọn ènìyàn sì dùn. Síbẹ̀, lẹ́yìn àwòrán mẹ́rin, ìdọ̀tí ni. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá tí ó di gílóòbù náà mú kò ju irin oníhò, bátìrì àti àwo dídán kan lọ. Ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lè rọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè rọ gílóòbù. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe é pa iṣẹ́ náà tì, ọ̀pá ṣì le koko, kò kàn rí oúnjẹ jẹ mọ́ ni.

Ìtàn kan wà níhìn-ín tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, tí ó sì tún ń bí mi nínú díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Graflex ní Amẹ́ríkà ṣe ọ̀pá fíláàṣì kan tí ó ń gba bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ń múra fíìmù Star Wars sílẹ̀, èyí tí ó jáde ní 1977, Roger Christian, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣètò ohun èlò, rí ọ̀pá yìí ní ìsọ̀ oníkámẹ́rà kan ní London, ó sì fi ṣe èèkù idà ìmọ́lẹ̀ tí akọni inú fíìmù náà ń lò. Láti ìgbà náà, àwọn olólùfẹ́ fíìmù ń ra ọ̀pá Graflex níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i, wọn a sì gé e, wọn a tún un ṣe kí ó lè jọ idà. Onífọ́tò tí ń wá ọ̀pá náà láti fi ṣiṣẹ́ ń bá ẹni tí kò ya fọ́tò rí nígbà ayé rẹ̀ du ú. Graflex fúnra rẹ̀ ti kógbá sílé ní 1973, kò sí ẹni tí yóò ṣe òmíràn.

Ẹni tí ó yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà ni Harold Edgerton, ọmọ Nebraska, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà. Ní 1931 ó ṣe iná kan tí ó lè kọ yẹ̀rì léraléra láì jó ohunkóhun dànù. Ọ̀nà tí irú iná bẹ́ẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́ nínú fíláàṣì àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bátìrì ń fúnni ní iná tí kò lágbára. Àwọn ẹ̀yà kékeré kan sọ iná náà di líle. Kapásítọ̀ ń gbà á jọ díẹ̀díẹ̀ bí ìkòkò abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti ń gba omi òjò. Bí kámẹ́rà bá pàṣẹ, kọ́ìlì tín-ín-rín kan yóò ta iná sí ara ọ̀pá gíláàsì tí afẹ́fẹ́ xenon wà nínú rẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà nínú ìkòkò yóò sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ní nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gílóòbù kò sí ní rírà mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà níta tẹ́lẹ̀, tí a lè fi ojú rí, ti wọ inú ike lọ, wọ́n sì ti fi síkúrù dé e mọ́ ibẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, fọ́tò ti wọ inú àṣà wa jinlẹ̀jinlẹ̀. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà kan, wá sí Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975 láti wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ibẹ̀, ohun tí ó kọ sì jáde ní 1978. Ó rí i pé àwọn kan ti ń fi fọ́tò rọ́pò ère ìbejì: onífọ́tò yóò tẹ àwòrán èyí tí ó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, kí èyí tí ó ti lọ lè jókòó ti ìkejì rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀sán nínú àgbàlá ti tó o. Òru ni fíláàṣì di dandan. Ayẹyẹ òkú àgbà tí ó ti ọ̀sán wọ òru, ìgbéyàwó tí ìlù kò dákẹ́ níbẹ̀ títí di ìdájí, ìwúyè tí àwọn ènìyàn ń ná owó mọ́ olóyè lórí: níbẹ̀ ni oúnjẹ onífọ́tò wà. Òkú kì í sì kú lẹ́ẹ̀kejì kí a lè tún un yà. Bí fíláàṣì bá kọ̀ nígbà tí ọmọ olókùú ń jó bọ̀, owó iṣẹ́ náà lọ nìyẹn, orúkọ onífọ́tò sì bá a lọ.

Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ díẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1986, ìjọba fi iye owó wa sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu. Nígbà tí yóò fi di 1987, nǹkan bí náírà mẹ́rin ni a fi ń ra dọ́là kan. Onífọ́tò tí ó ti ń fojú sọ́nà fún fíláàṣì tuntun dawọ́ dúró. Ìgbà yẹn ni orúkọ tí a ń fún ọmọ tí a bí lókè òkun di orúkọ mọ́tò, fìríìjì àti kámẹ́rà tí àwọn òyìnbó ti lò tì. Tòkúnbọ̀ sì ní àbùkù tirẹ̀: kì í bá ìwé rẹ̀ wá, kì í bá páálí rẹ̀ wá, bí ó bá sì jẹ́ fíláàṣì ni, ó ṣeé ṣe kí ike bátìrì rẹ̀ ti jábọ́ sínú àpótí kan ní Hamburg tàbí Liverpool. Àwọn tí wọ́n gba onífọ́tò sílẹ̀ kì í ṣe oníṣẹ́ fíláàṣì rárá. Àwọn atúnrédíòṣe ni, àwọn tí wọ́n jókòó sí oríta pẹ̀lú irin gbígbóná àti òjé, tí òkìtì rédíò aláìlẹ́mìí wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí ó wà nínú fíláàṣì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ó wà nínú rédíò àti tẹlifíṣọ̀n.

Vivitar 283 ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tòkúnbọ̀ tí ó gba ọwọ́ mi kọjá. Max Ponder àti John Best ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní California ní 1938. Jàpáàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe fíláàṣì 283 fún wọn ní àwọn ọdún 1970. Bátìrì kékeré mẹ́rin ni ó ń lò, irú èyí tí gbogbo ìsọ̀ ń tà. Ojú tí ó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ṣeé fà yọ níwájú rẹ̀ láì tú síkúrù kankan. Ilé-iṣẹ́ náà tilẹ̀ ṣe ohun mìíràn tí a lè kì bọ ibẹ̀ láti fi ọwọ́ dín ìmọ́lẹ̀ kù tàbí fi kún un. Nígbà tí ìyẹn kò sí lórí àtẹ mọ́, àwọn ènìyàn ṣàkíyèsí pé irú ohun tí a ń yí láti fi gbé ohùn rédíò sókè lè ṣe iṣẹ́ kan náà bí agbára rẹ̀ bá bá a mu. Mo ti fi ti rédíò kan tí omi wọ̀ ṣe é. Ó ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Ibi tí 283 ti ń kú ni ike tí bátìrì mẹ́rin ń wọ̀. Ó ṣeé yọ, nítorí náà ó ń sọnù. Idẹ pẹlẹbẹ inú rẹ̀ a máa jẹrà bí bátìrì bá yọ omi sí i. Ìwọ̀n rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé: bí gígùn rẹ̀ bá dín díẹ̀, kò kan idẹ inú, bí ó bá lé díẹ̀, ìdérí kò ní padé. Ní 2008, nígbà tí orúkọ Vivitar bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó mìíràn, kò sí ẹni tí a lè kọ̀wé sí fún ike yìí mọ́. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni láti ra òkú méjì fún ààyè kan, kí a yọ ike ti èyí tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́. Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù. Mo gbẹ́ igi kan tí ó wọ ihò náà régérégé, mo kan idẹ mọ́ ibi tí iná ti ń wọlé, mo sì fa wáyà méjì jáde lọ sí ibi tí bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá mẹ́rin wà nínú àpò kan. Fólítì 6 náà ni, ṣùgbọ́n àwọn ńlá wọ̀nyí a máa pẹ́ ju àwọn kékeré lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà a máa kán, torí pé ike ni, orí rẹ̀ sì wúwo; ìyẹn ṣeé pààrọ̀ bí a bá rí ti òkú kan.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ Ṣàngó. Kapásítọ̀ inú fíláàṣì kékeré ń gba iná tí ó tó fólítì 330, kì í sì í tú u sílẹ̀ nítorí pé a ti yọ bátìrì. Ó lè di wákàtí púpọ̀, ó lè di ọjọ́ mélòó kan, kí ó ṣì wà níbẹ̀. Iná yìí lè pa ènìyàn. Bàbá kan tí ó ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe kí wọ́n tó bí mi ni ó kọ́ mi ní ohun tí mò ń ṣe títí di òní. Ó ní, "Má tíì fọwọ́ kàn án, ọmọ mi. Ó sùn ni, kò kú." Ó mú gílóòbù ilé kan tí ó ti so wáyà méjì mọ́, ó fi ẹnu wáyà náà kan ẹsẹ̀ kapásítọ̀ méjèèjì, gílóòbù náà tàn fìrí, ó kú. Ó fi mítà wọ̀n ọ́n, ó tún fi gílóòbù kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ó tó gbé síkúrúdíráfà. Mo bèèrè pé, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì kẹ̀?" Ó ní àwọn tí wọ́n ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan, òun kò rí wọn mọ́ láti bi wọ́n léèrè. Ẹni tí kò bá ní mítà, tí kò sì ní ẹni tí yóò dúró tì í, kí ó fi inú fíláàṣì sílẹ̀.

Àrùn kapásítọ̀ mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn kò mọ̀. Bí fíláàṣì bá jókòó fún ọdún púpọ̀ láì tàn, ohun tí ó wà nínú kapásítọ̀ rẹ̀ a máa ṣá, a kò sì ní lè gbà á jọ mọ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní ó ti kú, wọ́n á sì tà á fún alápadà. Bẹ́ẹ̀ bí a bá fún un ní iná díẹ̀díẹ̀, tí a jẹ́ kí ó sinmi, tí a tún fún un, ó lè padà bọ̀ sípò. Èyí tí kò bá padà, a ní láti wá òmíràn. Láti 1986 tí Fuji ti mú kámẹ́rà àlòsọnù jáde, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e, ibi ìtẹ̀wé fọ́tò di oko páàtì. Àwọn tí ó ní fíláàṣì nínú wọn ní kapásítọ̀, ọ̀pá gíláàsì kékeré àti kọ́ìlì. Oníbàárà fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ fíìmù. Kapásítọ̀ wọn kéré fún 283, ṣùgbọ́n kọ́ìlì wọn ti gba ọ̀pọ̀ fíláàṣì àgbà sílẹ̀.

Mecablitz, ti ilé-iṣẹ́ tí Paul Metz dá sílẹ̀ ní Fürth ní Jámánì ní 1938, jẹ́ ẹran ilé mìíràn. Mecablitz 45 ni àwọn akọ̀ròyìn fẹ́ràn, ọ̀pá dúdú kìtìkìtì tí a ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Bátìrì rẹ̀ tí a ń gba iná sí jẹ́ àdìpọ̀ kan tí Metz ṣe fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá rọra la ike rẹ̀, bátìrì lásán ni ó wà nínú rẹ̀, a sì lè fi òjé jó tuntun rọ́pò wọn. Metz wọ gbèsè ní 2014. Ti Honeywell Strobonar, ti Amẹ́ríkà, le jù: àwọn kan nínú wọn ń lo bátìrì fólítì 510, bátìrì tí kò sí lórí àtẹ mọ́. Àwọn kan a máa to bátìrì fólítì 9 mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lé ara wọn láti fi rọ́pò rẹ̀. Èmi kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti dán an wò.

Ẹ wá wo wáyà tí ó so fíláàṣì mọ́ kámẹ́rà. Ẹnu rẹ̀ kékeré, tí a ń pè ní PC, gba orúkọ lára Prontor àti Compur, àwọn ìdérí ojú kámẹ́rà méjì tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì. Ẹnu náà burú: a máa tú, a máa yọ bọ́ nígbà tí a kò retí, wáyà rẹ̀ a sì máa já nínú rọ́bà níbi tí ojú kò ti lè rí i. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n gbà á lò, àwọn abánidíje pàápàá, wáyà tí a ṣe ní àwọn ọdún 1950 sì wọ kámẹ́rà tí a ṣe ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà. Ní 1988, Minolta kọ ẹsẹ̀ àjùmọ̀ní sílẹ̀, ó ṣe ẹsẹ̀ àdáni sórí kámẹ́rà rẹ̀. Sony jogún ẹsẹ̀ yìí ní 2006 nígbà tí ó gba iṣẹ́ kámẹ́rà Minolta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á tì ní 2012. Àwọn fíláàṣì ọdún mẹ́rìnlélógún yẹn wà nílẹ̀ báyìí pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò wọ ibikíbi àfi bí a bá rí ohun tí yóò bá wọn làjà. Bátìrì wọn le, gíláàsì wọn mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Minolta ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é, ẹsẹ̀ náà sì dì mọ́ kámẹ́rà ju ti àtijọ́ lọ. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn PC burúkú yẹn jù ú lọ.

Àwọn kámẹ́rà òde òní ti mú ọ̀rọ̀ kan wá tí àwọn bàbá wa kò ní. Fíláàṣì 283 àkọ́kọ́ tí a ṣe ní Jàpáàn lè gbé ju fólítì 200 sí ibi tí ó ti kan kámẹ́rà. Kámẹ́rà onírin àtijọ́ kò bìkítà. Èyí tí a ń lò báyìí, tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀, lè ti ibẹ̀ kú. Àwọn 283 tí a ṣe lẹ́yìn náà kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni gbogbo wọn ní, nítorí náà mítà nìkan ni ó lè sọ èyí tí ó jẹ́ bàbá àti èyí tí ó jẹ́ ọmọ. Àwọn líle yẹn, n kì í kì wọ́n bọ orí kámẹ́rà rárá. Mo so ojú kékeré kan mọ́ wọn tí ó ń rí ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì mìíràn, tí àwọn náà sì ń tàn tẹ̀lé e láti igun yàrá. Mẹ́ta ni ó ń ṣiṣẹ́ fún mi báyìí, láti inú òkú méje. Ike bátìrì méjì péré ni ó ṣẹ́kù nínú àpótí mi.